Omi Ni Títì Wọn: Bí Ẹ Ṣe Lè Rin Venice Kẹ́ Ẹ sì Rí I

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í wọ Venice. Bọ́ọ̀sì kì í wọ̀ ọ́, ọ̀kadà kì í wọ̀ ọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá, òfin ìlú kò gbà á láyè. Ohunkóhun tó bá ń fi táyà rìn, Piazzale Roma ni ìrìn rẹ̀ ti parí. Ọkọ̀ ojú irin náà parí tiẹ̀ sí ibùdókọ̀ Santa Lucia, tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Láti ibẹ̀ lọ, àfi ẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ilẹ̀, òun ló ń sáré gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, òun ló ń gbé bíríkì, bíà àti bẹ́ẹ̀dì, òun náà ló sì ń gbé òkú lọ sí itẹ́ òkú tó wà ní erékùṣù San Michele.

Ohun tó ń ba ìrìn àjò ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ níbẹ̀, inú ọ̀rọ̀ omi yìí ló ti ń jáde: àpótí tó wúwo ju ohun tí èèyàn lè gbé gun afárá, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn ò fi kan ẹ̀rọ, òtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò mọ̀nà rẹ̀, àti àkókò tí wọ́n yàn láti wọ̀lú. Ti àkókò yẹn ló burú jù. Ẹni tó bá wọ Venice ní aago 10 àárọ̀ tó sì jáde ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, èrò ló lọ wò. Ojú ọ̀nà tóóró kan náà ni gbogbo wọn ń gbà láti ibùdókọ̀ ojú irin dé afárá Rialto dé gbàgede San Marco, tí wọ́n ń tì ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sùn síbẹ̀, tó jáde ní aago 6 ìdájí tàbí lẹ́yìn aago 9 alẹ́, ìlú mìíràn pátápátá ló máa bá. Lọ́dún 1951, àwọn tó ń gbé inú ìlú àtijọ́ náà tó 175,000. Lónìí wọn ò tó 50,000 mọ́. Nítorí náà, tí àwọn àlejò ojúmọ́ bá ti lọ tán, ìlú á dákẹ́, òkúta, omi àti àwọn onílé ló kù. Lójú tèmi, tí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ó sàn kẹ́ ẹ sùn sínú Venice fún alẹ́ méjì ju kẹ́ ẹ sùn sí Mestre, ìlú òde òní tó wà ní òdìkejì ọ̀sà, fún alẹ́ mẹ́rin lọ.

Bí ẹ ṣe máa dé ibẹ̀

Ibùdókọ̀ ojú irin méjì ló ń jẹ́ Venezia. Venezia Mestre wà lórí ilẹ̀, ìlú òde òní ni. Venezia Santa Lucia ló wà nínú ìlú àtijọ́, lẹ́yìn afárá gígùn tó la ọ̀sà kọjá: ti ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí lọ́dún 1846, wọ́n wá kọ́ ti mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1933. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Róòmù, Florence tàbí Milan máa ń kọ́kọ́ dúró ní Mestre, àwọn kan á gbọ́ “Venezia”, wọ́n á sì bọ́ sílẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má jáde síta láti wá takisí. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin agbègbè tó ń lọ sí Santa Lucia. Kì í pẹ́ kí òmíràn tó dé, ìrìn náà jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 12, owó rẹ̀ ò sì tó yúrò 2. Tíkẹ́ẹ̀tì oníbébà ti ọkọ̀ agbègbè gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ń lù ú. Ẹni tó sanwó tí kò lu òǹtẹ̀, bákan náà lòun àti ẹni tí kò sanwó rárá lójú àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò.

Pápákọ̀ òfuurufú náà jẹ́ méjì. Marco Polo ló sún mọ́ ìlú. Bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ dé Piazzale Roma ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25, yúrò 10 ni. Ọkọ̀ ojú omi Alilaguna pọ̀ díẹ̀ sí i lówó, ó sì ń lò ju wákàtí kan lọ kó tó dé San Marco, àmọ́ ó lè já yín sí itòsí òtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn sì máa ń gba èjìká là. Takisí ojú omi ń gbowó tó ju yúrò 100 lọ dáadáa. Tí ẹ bá pé mẹ́rin tàbí márùn-ún tẹ́ ẹ sì lẹ́rù púpọ̀, ìyẹn nìkan ni mo lè gbà kẹ́ ẹ rò ó sí. Treviso ni pápákọ̀ kejì, níbi tí ọ̀pọ̀ bàálù olówó pọ́ọ́kú láti Lọ́ńdọ̀nù ti ń balẹ̀. Ó jìnnà díẹ̀, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tàbí Benin, físà Schengen ló máa gbà, kódà tó bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Yúrò 90 ni owó físà àgbàlagbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ jù ọjọ́ 15 ṣáájú. Ẹ má dúró dé ọjọ́ 15 yẹn, torí ọjọ́ ìpàdé fún fífi ìwé sílẹ̀ máa ń tán. Ìdójútòfò ìlera tó bo ó kéré tán yúrò 30,000 pọn dandan. Páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì lágbára fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò.

Àpótí àti afárá

Afárá tó wà ní Venice lé ní 400, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ní àtẹ̀gùn. Táyà abẹ́ àpótí ò wúlò lórí àtẹ̀gùn. Kẹ́ ẹ tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi onílé: afárá mélòó ló wà láàárín ilẹ̀kùn yín àti ibùdókọ̀ ojú omi tó sún mọ́ yín jù? Tó bá ní kò sí, tàbí ẹyọ kan, ó dáa. Tó bá sọ mẹ́rin, ẹ wá ibòmíràn, pàápàá tí bàbá tàbí ìyá àgbà bá wà pẹ̀lú yín. Ẹ tún bèèrè bóyá ẹ̀rọ agbéniròkè wà, nítorí ọ̀pọ̀ ilé náà ti pẹ́ gan-an, yàrá olówó pọ́ọ́kú sì máa ń wà lókè pátápátá. Nínú ọkọ̀ akérò ojú omi, àpótí kan ni wọ́n gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láìsanwó, tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ lápapọ̀ kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 150 lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo Venice láàárín ìlú méjì tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ibi ìkẹ́rùsí wà ní Santa Lucia. Ẹ fi àpótí ńlá síbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé báàgì ẹ̀yìn kékeré wọ̀lú.

Mo kíyè sí i pé àwọn tó ń gbé ìyá wọn lọ síbẹ̀ máa ń bẹ̀rù pé kò ní lè rìn ín. Ó lè rìn ín. Ọkọ̀ ojú omi dára fún ẹni tí orúnkún ń dùn ju ọ̀pọ̀ ìlú olókè ní Ítálì lọ, torí pèpéle ibùdókọ̀ ń léfòó pẹ̀lú omi, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọkọ̀ dọ́gba. Ẹ kàn yan òtẹ́ẹ̀lì sí etí ibùdókọ̀.

Owó ìwọ̀lú

Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àlejò tó bá wá lójúmọ́ tí kò sùn. Kì í ṣe ojoojúmọ́: ọjọ́ 29 ni lọ́dún 2024, ọjọ́ 54 lọ́dún 2025, nígbà ìrúwé àti ìbẹ̀rẹ̀ ooru tí èrò máa ń pọ̀. Aago 8:30 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò. Lọ́dún 2025, yúrò 5 ni fún ẹni tó san án sílẹ̀ ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, yúrò 10 fún ẹni tó jẹ́ kó di ìkánjú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í san án.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí: ẹni tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kì í san owó yìí, torí òtẹ́ẹ̀lì ti gba owó orí àlejò lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ lọ sórí ìkànnì ìjọba ìlú láti gba kóòdù tó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Mestre náà wà lábẹ́ ìjọba Venice, nítorí náà ẹni tó sùn síbẹ̀ wà lára wọn. Ẹ gbà á sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì wo kàlẹ́ńdà ọdún tẹ́ ẹ̀ ń lọ, torí ọjọ́ àti iye owó máa ń yí padà.

Ọkọ̀ akérò ojú omi

Vaporetto ni wọ́n ń pè é. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan jẹ́ yúrò 9.50, ìṣẹ́jú 75 ló sì lè lò. Ti wákàtí 24 jẹ́ yúrò 25, ti 48 jẹ́ 35, ti 72 jẹ́ 45, ti ọjọ́ méje jẹ́ 65. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìgbà mẹ́ta lóòjọ́ ti ju owó wákàtí 24 lọ. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 6 sí 29 lè ra káàdì Rolling Venice ní yúrò 6, kó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta ní yúrò 27. Àpapọ̀ rẹ̀ fi yúrò 12 dín sí ti àgbàlagbà. Wákàtí ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọjọ́: tẹ́ ẹ bá fi tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí 24 kan ẹ̀rọ ní aago 2 ọ̀sán lónìí, ó di aago 2 ọ̀sán ọ̀la. Ẹ má tètè fi kàn án nítorí ìrìn kúkúrú tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ wọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kódà tó bá jẹ́ ti ọjọ́ méje. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, kò tíì kà á.

Ní àwọn ibùdókọ̀ ńlá bíi Ferrovia (èyí tó wà níwájú Santa Lucia), Piazzale Roma àti San Zaccaria, pèpéle pọ̀, lẹ́tà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4.1 àti èyí tó jẹ́ 4.2, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń yí ká, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ẹ̀yìn síra. Bẹ́ẹ̀ náà ni 5.1 àti 5.2. Ẹ bi ẹni tó ń so okùn ọkọ̀, kẹ́ ẹ kàn dárúkọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, yóò fi orí dáhùn.

Nọ́ńbà 1 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́kàn lé. Ó ń rọra gba Canal Grande, ọ̀nà omi ńlá tó la àárín ìlú kọjá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń dúró níbi gbogbo, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 láti Piazzale Roma dé San Marco. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Piazzale Roma níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní Ferrovia tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ lè ríbi jókòó níta. Ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún wọ̀ ọ́ ní alẹ́. Lálẹ́, iná á ti tàn nínú àwọn ààfin tó wà létí omi, àjà aláwòrán tí ojúmọ́ fi pa mọ́ á wá hàn ketekete láti inú ọkọ̀.

Ní ti gondola, ìjọba ló ń fi iye lé e: yúrò 90 fún ìṣẹ́jú 30 lọ́sàn-án, yúrò 110 fún ìṣẹ́jú 35 láti aago 7 alẹ́. Owó ọkọ̀ ni, kì í ṣe owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èèyàn márùn-ún sì lè wọ̀ ọ́. Ẹ sọ iye ìṣẹ́jú àti ọ̀nà tó máa gbà kẹ́ ẹ tó jókòó. Tí ìyẹn bá wọ́n jù, wọ́n ní gondola ńlá tó ń gbé èèyàn sọdá Canal Grande láti etí kan dé èkejì, traghetto lorúkọ rẹ̀, yúrò 2 fún àlejò. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àmọ́ afárá mẹ́rin péré ló sọdá Canal Grande lódindi, nítorí náà ó tún máa ń dín ìrìn kù.

Àdírẹ́sì tí kò sọ ibi tí ilé wà

Àdúgbò mẹ́fà ló pín ìlú náà: Cannaregio, Castello, San Marco, Dorsoduro, San Polo àti Santa Croce. Nọ́ńbà ilé kì í tẹ̀ lé títì. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n ka láti 1 títí dé òpin, ti Castello sì kọjá 6,000. “Castello 4210” lásán kò lè mú yín dé ibì kankan. Ẹ gba orúkọ ọ̀nà náà, orúkọ gbàgede tó sún mọ́ ọn, àti ibùdókọ̀ ojú omi. Fóònù máa ń ṣìnà níbẹ̀, torí ògiri ga, ọ̀nà sì há, kì í tètè rí sátẹ́láìtì. Á ní kẹ́ ẹ yà, ẹ ó yà, omi ni ẹ ó bá. Ẹ gba máàpù sílẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ sì máa wo ògiri: pátákó aláwọ̀ ìyeyè tó sọ “Per Rialto”, “Per S. Marco”, “Alla Ferrovia” kò tíì tanni jẹ. Ẹ rìn sí apá ọ̀tún ojú ọ̀nà, ẹ má sì dúró ya fọ́tò lórí afárá tóóró. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín lè jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ti ẹrù bíà méjìlá ń bọ̀.

San Marco

Basílíkà San Marco tí a ń rí lónìí, ọdún 1094 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Ìtàn ìlú sọ pé lọ́dún 828 ni àwọn oníṣòwò Venice jí òkú Máàkù Mímọ́ gbé ní Alẹkisáńdíríà, tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bò ó kí àwọn aṣọ́bodè Mùsùlùmí má bàa yẹ ẹrù náà wò. Àwòrán olókùúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ góòlù tó bo àjà àti ògiri inú rẹ̀ ju 8,000 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ẹṣin bàbà mẹ́rin tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, àwòkọ ni wọ́n. Àwọn gangan, tí wọ́n kó ní Constantinople lẹ́yìn ogun ọdún 1204, wà nínú mùsíọ́mù lókè. Owó lọ́tọ̀ ni fún òkè yẹn, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ san án, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí àjà náà nítòsí, tẹ́ ẹ tún lè jáde sórí pèpéle tó kọjú sí gbàgede.

Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà nínú aṣọ, ọkùnrin àti obìnrin. Báàgì ẹ̀yìn ńlá kì í wọlé. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ fi pa mọ́, ẹ ó sì pàdánù ipò yín nínú ìlà. Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀sán ló ń ṣí fún àlejò, torí ìsìn ń lọ láàárọ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ní aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yan àkọ́kọ́ tó bá ṣí láàárọ̀.

Ààfin Doge, ìyẹn olórí Venice láyé àtijọ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèjọba títí Napoleon fi gba ìlú lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1797. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan náà ló wọ Museo Correr tó wà ní òdìkejì gbàgede, ẹ má sì gbàgbé lò ó. Ó máa ń dín owó fún ẹni tó bá rà á ní ọjọ́ 30 ṣáájú. Ilé ìṣọ́ olágogo, Campanile, ga tó nǹkan bí mítà 99, ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ wó lulẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù keje ọdún 1902, wọ́n tún un kọ́ sójú rẹ̀ gan-an, wọ́n ṣí i lọ́dún 1912. Ìlà rẹ̀ máa ń gùn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wọ nọ́ńbà 2 ní San Zaccaria sọdá sí San Giorgio Maggiore, ibùdókọ̀ kan péré ni. Ilé ìṣọ́ ìjọ tibẹ̀ náà ní ẹ̀rọ agbéniròkè, èrò kì í pọ̀, ohun tí ẹ ó sì rí lókè ibẹ̀ ni San Marco fúnra rẹ̀, èyí tí ẹni tó gun Campanile kò lè rí dáadáa.

Ẹ má jókòó sórí àtẹ̀gùn gbàgede láti jẹun, ẹ má fún ẹyẹlé lóúnjẹ, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi: owó ìtanràn wà fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ra ayédèrú báàgì olórúkọ ńlá lójú ọ̀nà, òun tó rà á ni òfin Ítálì lè mú, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè dé yúrò 7,000.

Nínú Gallerie dell'Accademia, mùsíọ́mù àwọn àwòrán, ẹ wá àwòrán tí Vittore Carpaccio fi ṣe afárá Rialto ìgbà tó ṣì jẹ́ onípákó, ní nǹkan bí ọdún 1494. Nínú omi níwájú, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wọ fìlà oníyẹ̀ẹ́ ń tukọ̀ gondola. Èèyàn dúdú wà lára àwọn tó ń tukọ̀ ìlú náà láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹrú tàbí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo iṣẹ́ ìyanu tó wà lókè àwòrán náà, wọn kì í rí ọmọkùnrin yìí.

Nígbà tí omi bá kún

Ẹni tó mọ ọ̀sà Èkó á tètè lóye ti Venice: omi òkun ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà tó já sí òkun, ó ń jáde, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, bí òṣùpá bá fa omi sókè, tí atẹ́gùn gúúsù tí wọ́n ń pè ní sirocco sì ń tì í wọlé láti Òkun Adriatic, omi á gun orí ilẹ̀. Lọ́jọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1966, ó dé sẹ̀ǹtímítà 194. Lọ́jọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó dé 187.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni MOSE ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn irin 78 tó sùn sísàlẹ̀ omi ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí òkun ń gbà wọlé. Wọ́n máa ń fi atẹ́gùn sínú wọn, wọ́n á sì dìde. Àmọ́ wọn kì í gbé wọn sókè àyàfi tí wọ́n bá retí pé omi máa dé nǹkan bí 110, gbàgede San Marco ló sì rẹlẹ̀ jù nínú ìlú: omi ti ń hù láti inú gọ́tà rẹ̀ ní nǹkan bí 80 sí 90. Ìdí nìyẹn tí San Marco ṣì lè kún nígbà tí ìyókù ìlú gbẹ. Ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ omi lórí ìkànnì ìjọba ìlú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Omi náà kì í dúró ju wákàtí díẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ yí ètò padà: ẹ lọ sí Dorsoduro tàbí San Polo, kẹ́ ẹ padà wá sí San Marco tó bá fà. Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria della Salute lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1631 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn, igi tí wọ́n gún sínú ẹrẹ̀ láti gbé e dúró sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Atẹ́gùn kì í dé ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí igi náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ

Ibi tí wọ́n bá ti gbé àwòrán oúnjẹ síta ní èdè mẹ́fà, ẹ kọjá. Ẹ wá bàcaro, ilé ọtí kékeré tí wọ́n ń to oúnjẹ wẹ́wẹ́ sínú àpótí onígíláàsì lórí káńtà. Cicchetti ni wọ́n ń pè é. Ẹ nàka sí èyí tó wù yín, ẹ dúró jẹ ẹ́. Sàdíìnì díndín tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ọtí kíkan rẹ (sarde in saor) dára púpọ̀. Baccalà mantecato ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò, torí ẹja tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa ni: stockfish, ẹja gbígbẹ láti Norway tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ń pè ní okporoko. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á yọ egungun, wọ́n á wá máa pò ó, tí wọ́n ń da òróró díẹ̀díẹ̀ sí i títí á fi funfun kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìtàn sọ pé Pietro Querini, oníṣòwò ọmọ Venice, ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ̀ rì, tí ìgbì sì gbé òun àtàwọn tó kù dé erékùṣù Røst níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1432. Títí dòní, Ítálì àti Nàìjíríà ló ń ra stockfish Norway jù.

Nínú ilé oúnjẹ, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni ẹja tí wọ́n kọ owó rẹ̀ sí “all'etto”. Owó gíráàmù 100 nìyẹn, kì í ṣe owó ẹja odindi. Ẹja tó wọn gíráàmù 800, ìlọ́po mẹ́jọ ni. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, kí wọ́n sì sọ àpapọ̀ rẹ̀. “Coperto” ni owó ìjókòó, yúrò 2 sí 4 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe jìbìtì. Kọfí tẹ́ ẹ dúró mu lẹ́nu káńtà kéré lówó gan-an sí èyí tẹ́ ẹ jókòó mu, ní San Marco wọ́n sì tún ń fi owó orin kún un. Ọjà ẹja Rialto kì í ná lọ́jọ́ Àìkú àti Ajé. Omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ní àwọn gbàgede dára fún mímu, ẹ gbé ike yín dání.

Murano àti ìlẹ̀kẹ̀

Lọ́dún 1291, ìjọba ní kí àwọn oníléru díńgí kó lọ sí erékùṣù Murano, nítorí ìbẹ̀rù iná. Nọ́ńbà 4.1 àti 4.2 ń lọ síbẹ̀ láti Fondamente Nove. Tí òtẹ́ẹ̀lì tàbí ẹnì kan lójú ọ̀nà bá fi ọkọ̀ ọ̀fẹ́ lọ̀ yín, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ má bá a lọ: ilé ìtajà kan ṣoṣo ló máa gbé yín já sí, wọn ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi títí ẹ ó fi rà. Ẹ fẹsẹ̀ yín lọ, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ Museo del Vetro, mùsíọ́mù díńgí, kẹ́ ẹ tó wọ ilé ìtajà kankan, kójú yín lè mọ ohun tó dáa.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò níbẹ̀. Èyí tó kéré jù, conterie, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: oníléru á fi irin gbé díńgí yíyọ́, á ṣe ihò sí àárín rẹ̀, ẹlòmíràn á fi irin tirẹ̀ mú òdìkejì, àwọn méjèèjì á sì máa sáré kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Díńgí náà á nà di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, ihò á sì nà pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá tutù, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́. Etí rẹ̀ á mú bí wọ́n ṣe gé e. Wọ́n á wá fi èròjà lẹ́búlẹ́bú dí ihò wọn kó má bàa pa dé, wọ́n á máa rò wọ́n lórí iná títí etí á fi yọ́ tí á sì rí róbótó. Àwọn obìnrin ló ń sín wọn: wọ́n á kó abẹ́rẹ́ gígùn púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa rọ̀ wọ́n sínú àwo onígi tí ìlẹ̀kẹ̀ kún, ìlẹ̀kẹ̀ á máa gun abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2020, UNESCO fi iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ díńgí ti Ítálì àti Faransé sínú àkọsílẹ̀ àṣà àjogúnbá ayé.

Ìlẹ̀kẹ̀ Venice wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́pọ̀ yanturu, ó wà lára èyí tí wọ́n fi ra góòlù, epo, àti èèyàn. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ láti Yúróòpù ló sì jẹ́ kí adé onílẹ̀kẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní àwọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún 19. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín ní Murano pé ibẹ̀ ni Áfíríkà ti kọ́ díńgí. Ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìkòkò ìyọ́díńgí, ìdọ̀tí iṣẹ́ àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15, tí èròjà inú díńgí wọn yàtọ̀ sí ti Yúróòpù àti ti Lárúbáwá. Fífà ni Ifẹ̀ náà ń fa tirẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wá àmì “Vetro Artistico Murano”, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Veneto fọwọ́ sí. Èyí tó pọ̀ lórí àtẹ ẹ̀bá Rialto ní owó kékeré, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti kó o wá. Nọ́ńbà 12 ń ti Murano lọ sí Burano aláwọ̀ mèremère àti Torcello. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ́kọ́ lọ sí èyí tó jìnnà jù láàárọ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀.

Tó bá jẹ́ ọdún Biennale, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice, lẹ lọ, ẹ fi odindi ọjọ́ kan sí Arsenale, òmíràn sí Giardini, ibi méjì tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún 1895 ló bẹ̀rẹ̀. Okwui Enwezor, ọmọ Nàìjíríà, ló darí ti 2015, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2017 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ní ààyè tirẹ̀ níbẹ̀, Peju Alatise àti Qudus Onikeku sì wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ wá.

Lọ́jọ́ ìpadàbọ̀, ẹ má fi ọkọ̀ ojú omi lé bàálù àárọ̀, pàápàá nígbà òtútù. Kùrukùru máa ń bo ọ̀sà, ọkọ̀ á máa rọra rìn tàbí kí wọ́n dá a dúró. Ẹ wo ìkànnì fún ìyanṣẹ́lódì, tí wọ́n ń pè ní sciopero, ọjọ́ méjì ṣáájú. Bọ́ọ̀sì láti Piazzale Roma ló dájú jù, ẹ wá ọ̀nà tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ ka afárá tó wà lójú ọ̀nà náà.